Bíréèkì Iwájú Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Agége, Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé alùpùpù yìí wá bá ọ yóò gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Abẹ́ ìjókòó rẹ̀, níbi tí irinṣẹ́ wà, ni mo fi lẹ́tà yìí sí. Mo kí ọ kú àbọ̀ sí ibùdó tuntun, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Ọlọ́run tó mú ọ dé Òkè-Ògùn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

O mọ̀ pé n kì í pẹ́ lórí fóònù. Kí n tó sọ gbólóhùn méjì, màmá rẹ á ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí mo rí lọ́jọ́ Àìkú fún ọ, nítorí ìwọ lo wà lórí máṣíìnì, ẹni tó wà lórí máṣíìnì kì í sì í rí ara rẹ̀. Mo tún fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, kí ọkàn mi lè balẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí òkè yín.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ rẹ dé? Wọ́n ní ilé ìwòsàn kékeré náà wà lórí òkè, pé àwọn abúlé oko tó yí i ká wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò bá lè gun alùpùpù, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò ò ní rí abẹ́rẹ́ àjẹsára gbà. O ní o máa gun tèmi. Màmá rẹ fi ọwọ́ lérán.

"Máṣíìnì tó dàgbà jù ọ́ lọ yìí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá tún un ṣe ná."

"Kó tún un ṣe. Àmọ́ bí mi ò bá fi ojú ara mi rí i pé ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró, tòun tẹrù lẹ́yìn, o ò lọ. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọ nínú, ṣùgbọ́n mo gbè é lẹ́sẹ̀. Máṣíìnì tó kọ̀ láti lọ, ìrìn ẹsẹ̀ ló máa fi ọ́ rìn. Èyí tó kọ̀ láti dúró, a ò mọ ibi tó máa gbé ọ dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé náà sọ pé bí o kò bá dé ibẹ̀ ní Ajé àná, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìyẹn: kí a rí máṣíìnì àgbàlagbà kan dá dúró, kí iṣẹ́ rẹ má bàa bọ́, kí ìwọ náà má sì bọ́ sí odò.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ará iwájú. Jẹ́ kí n fi àwọn kòtò náà hàn ọ́.

Èkínní. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, iléeṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà ló kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́, láti máa yẹ ọjà wò kó tó jáde. Mo ra máṣíìnì yìí kí n lè máa tètè dé ibẹ̀ láti Agége. Lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, kò sí ọlọ́kadà kan ládùúgbò tí kò sọ ohun kan náà fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú o. Ńṣe ló máa gbé yín ta." Èmi tí mo ka físíìsì lódindi ọdún mẹ́rin, mo mú sípánà, mo tú ọwọ́ bíréèkì iwájú dànù kí ó má bàa dán mi wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ewúrẹ́ kan já sọ́nà níwájú iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóòmù. Mo fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Táyà ẹ̀yìn há, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ọṣẹ inú abọ́. Ewúrẹ́ náà kọjá láyọ̀ àti àlàáfíà. Èmi ò dúró, àfi inú àwọn fóòmù tí wọ́n tò sẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tí ẹ fẹ́ rà lẹ ń dán wò, àbí oorun ló ń kùn yín?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo dìde, mo wo ilé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pá irin ni wọ́n tò síta níbẹ̀.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Bí dírẹ́bà bá dúró lójijì, ṣé ẹ̀yìn ni àwọn tó wà lórí ìdúró ń dà sí? Iwájú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìwúwo máṣíìnì, ti ara rẹ, àti ti ẹrù rẹ ṣe ń dà sórí táyà iwájú nígbà tí o bá ń dúró. Táyà iwájú ló tẹ ilẹ̀ jù lásìkò náà, òun ló sì lágbára jù láti dá ọ dúró. Bíréèkì iwájú kì í gbé ẹni tó bá rọra fà á. Ẹni tó bá já a gbà bí ẹni tó ń já owó gbà lọ́wọ́ olè ló ń gbé ta.

Ìkejì kò tó bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ṣúù bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán. Dípò kí n ra tuntun, mo ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nígbà náà: mo gé agolo mílíìkì, mo ká a, mo fi há ẹsẹ̀ ṣúù kí ó lè tún fẹ̀ kan ara dúrọ́ọ̀mù, irin oníhò àárín táyà. Ó ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ní oríta Abúlé Ẹ̀gbá, agolo náà yẹ̀, ó sì há táyà ẹ̀yìn pátápátá, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo gbé ìdí máṣíìnì sókè, mo ń ti iwájú rẹ̀ lọ bí ẹni tó mutí yó. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: "Bọ̀ọ̀dá, tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó gbé ẹ̀yin náà!" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí agolo mílíìkì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo máa ń béèrè bóyá tíì ló fẹ́ mu.

Ìkẹta, mo ti dá ọwọ́ bíréèkì iwájú padà, mo ti tún bíréèkì méjèèjì ṣe dáadáa, mo ti dán an wò lójúde, ó mú. Èmi nìkan ni mo wà lórí rẹ̀, n kò sì kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kejì mo di àpò ike kan sẹ́yìn rẹ̀ láti Ọ̀gbà lọ sí iléeṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi dúró lẹ́nu géètì. Mo tẹ bíréèkì, mo fà á, mo sì kọjá lára ọ̀gá mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà!" Ó ní, "Níbo lò ń lọ?" Mo ní, "Mò ń bọ̀, sà!" Géètì kejì ni mo ti yí padà.

Bíréèkì tó mú lórí ìdúró kò tíì mú. Èyí tó mú láìsí ẹrù, ìdajì ló mú. Ohun tí o máa gbé ni kí o fi dán an wò, lórí irú ilẹ̀ tí o máa gbà.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa tèmi. Nígbà tí a gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá rẹ, Ràsákì mẹkáníìkì wa ni mo gbé e lọ bá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ bisikíìtì. Bíréèkì iwájú àtijọ́ jẹ́ oní-dúrọ́ọ̀mù, ṣúù méjì ló ń fẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ó dára fún Agége tó tẹ́jú. Lórí òkè gígùn, ooru á mú un, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Mo ní díìsìkì ni mo fẹ́, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, tí páàdì méjì ń fún láti ọ̀tún àti òsì. A rí iwájú tòkunbọ̀ kan tó pé pérépéré, ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà rẹ̀, díìsìkì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ara máṣíìnì kan ṣoṣo. Mi ò gba rọ́bà òróró rẹ̀ àtijọ́, tuntun ni mo rà, nítorí inú ni rọ́bà ti máa ń gbó kó tó hàn síta. Mo ra páàdì tuntun, ṣúù ẹ̀yìn tuntun, àti táyà tuntun méjèèjì. Táyà ló ń di ilẹ̀ mú, bíréèkì kàn ń di táyà mú ni.

Ràsákì fẹ́ da òróró bíréèkì tó kù nínú ike kan tó ti ṣí sílẹ̀ sí i.

"Bàbá Mojí, òróró ni òróró."

"Ràsákì, èyí tó ti ṣí pẹ́ ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná, omi yẹn á hó, ọwọ́ bíréèkì á sì rọ̀. Ṣé orí òkè lo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ti se tíì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí tuntun. A lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọwọ́ bíréèkì fi le lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ Ràsákì mọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Díìsìkì náà ń dán bí àwo ìyàwó. Ìgbà tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ti parí o. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ti iwájú yìí. Ó léwu."

Àìkú àkọ́kọ́ tí a dán an wò nìyẹn, lójú pópó àárín àwọn iléeṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan kò sí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. O gbéra, o dé ibi tí mo ní kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, mo rí ẹsẹ̀ rẹ tó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, mo sì rí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ tí wọ́n nà gbọnrangandan, wọn ò tẹ̀. O kọjá ìlà, o sì tún ń lọ. Màmá rẹ wo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ. Ó yí padà, ó kọrí sílé. Ojú rẹ pọ́n.

Ràsákì ní: "Bíréèkì mi ò lẹ́bi o! Àǹtí ò fọwọ́ kàn án ni."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kó má fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣèṣe."

"Kí lo wá ṣe é sí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é. Ó sì gbé máṣíìnì yọ!"

Mojí, níbẹ̀ ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀. A ti pààrọ̀ irin, a ò tíì pààrọ̀ ẹ̀rù. Láti kékeré lo ti ń gbọ́ pé bíréèkì iwájú ń pani. Kò sí bí díìsìkì ṣe lè dára tó tó máa mú láìjẹ́ pé ìka fà á. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, a fi máṣíìnì sílẹ̀, ìka rẹ la bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe. Nírọ̀lẹ́, nínú ọgbà, láìṣíná sí ẹ́ńjìnnì, mò ń tì í, ìwọ ń fi ìka méjì fà á.

"Bàbá, ìka mi ò gbọ́ràn."

"Á gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣe bí ẹni tó ń fún ọsàn, má ṣe bí ẹni tó ń já a."

Lẹ́yìn èyí, a ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, a rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, a fi kún un, díẹ̀díẹ̀. Páàdì tuntun náà ń mọ díìsìkì, ìwọ náà sì ń mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé, o rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún màmá rẹ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá wá dé. Màmá rẹ gbé kúlà kan jáde, irú èyí tí o máa fi gbé abẹ́rẹ́. Ẹyin ló kún inú rẹ̀.

"Ìyá Mojí, kí lèyí?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Bí tibẹ̀ yẹn bá fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kí ló fẹ́ gún fún wọn, ọ̀rọ̀ ìtùnú?"

Ó fi ẹsẹ̀ pa ìlà mi rẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa tirẹ̀, èyí tó sún mọ́ ọ ju tèmi lọ. Ràsákì kígbe pé, "Màmá, ẹ ṣàánú wa!" Ó ní, "Odò tó wà nísàlẹ̀ òkè, ṣé ó máa ń ṣàánú?" A di kúlà náà sẹ́yìn máṣíìnì, mo sì fa màmá rẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́dẹ iléeṣẹ́ kan ti jáde wá ń wòran.

Ohun tí o kò rí nìyí. Mo rí ọ bí o ṣe ń bọ̀, orí rẹ gún, ojú rẹ kò sí lórí táyà, iwájú lo ń wò. Mo rí ìka méjì tí wọ́n tẹ̀, tí wọn ò já a. Imú máṣíìnì tẹrí ba bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò yọ̀, kò fì, táyà kò ké. Ìwọ àti ẹrù rẹ dúró, ìlà màmá rẹ sì wà níwájú rẹ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àgùntàn kan ì bá gba àárín rẹ àti ìlà náà kọjá láìyára.

Mo ti rí ọjà tó yege lọ́pọ̀ ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo sì ti fọwọ́ sí púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì mú kí n gbé fìlà mi jù sókè rí. Mo gbé e jù lọ́jọ́ náà.

Màmá rẹ ṣí kúlà. Ó mú àwọn ẹyin náà níkọ̀ọ̀kan, ó gbọn ọ́n létí rẹ̀. Kò sí èyí tó sán. Ọlọ́dẹ ń pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ tún un ṣe!" Mo da omi sójú ọ̀nà, o tún un ṣe, o tún dúró. Ràsákì ní kí o jẹ́ kí òun náà gùn ún. Ó gùn ún, ó dé ibi tó yẹ kó ti fà á, ẹ̀rù bà á, ó kọjá ìlà lọ bí lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọlọ́dẹ ní, "Mẹkáníìkì, ìlà ti wà lẹ́yìn o!" Ìwọ lo wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún ọsàn. Ní ìgbà kẹta, òun náà dúró, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Màmá rẹ dé kúlà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ dín in, ebi ń pa mí." Bó ṣe fàṣẹ sí i nìyẹn.

Ní báyìí, o ti wà lórí òkè, mi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ́. Gba ìwọ̀nyí mọ́ra.

Láràárọ̀, kí o tó jókòó lé e, fa bíréèkì iwájú kí o sì ti máṣíìnì. Bó bá rìn, ìwọ má rìn. Wo ojú gíláàsì kékeré tó ń fi òróró hàn, wo bí páàdì ṣe nípọn tó. Bí ọwọ́ bíréèkì bá rọ̀ bí búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, má sọ̀ kalẹ̀ òkè.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, dín jíà kù, kí ẹ́ńjìnnì lè bá ọ dì í mú. Fa bíréèkì, tú u sílẹ̀, tún fà á. Má fà á mọ́lẹ̀ láti òkè dé odò.

Níbi tí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà, ìṣáájú ni kí o ti dín eré kù. Má sì fa ti iwájú nígbà tí o bá ṣẹ́ ọwọ́ máṣíìnì sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà ìgbà yẹn ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ibẹ̀ sì ni òtítọ́ náà wà.

Bí o bá la omi kọjá, bíréèkì ẹ̀yìn ṣì jẹ́ oní-dúrọ́ọ̀mù. Tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà títí á fi gbẹ.

Bí odò bá kún, dúró. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgboyà tàn ọ́. Nọ́ọ̀sì tó dúró lónìí á dé ibẹ̀ lọ́la, ìdúró náà wà lára iṣẹ́.

Àwọn tí o bá níbẹ̀ yóò sọ fún ọ pé, "Báyìí la ṣe ń ṣe é." Kúnlẹ̀ kí wọn, gbọ́ wọn jálẹ̀, wọ́n mọ òkè náà jù ọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, wá ọ̀nà tó tẹ́jú, fa ìlà, kí o dán ọ̀rọ̀ wọn wò. Èyí tó bá dúró, gbà á. Èyí tó bá kọjá ìlà, rọra fi í sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Mo ka ìwé, síbẹ̀ mo gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdán an wò, inú fóòmù ni mo bá ara mi.

Ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣíwájú rẹ, á máa tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ. Ọwọ́ rẹ á mọ ìgbà tó yẹ kó mú, á sì mọ ìgbà tó yẹ kó tú sílẹ̀. O ò ní fi ẹsẹ̀ kọ, táyà rẹ náà ò ní kọsẹ̀.

Mo rò pé mo ti parí, ni màmá rẹ dé, tó ní kí n kà á sétí òun. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní mi ò kọ ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n má sì fi ọ̀rọ̀ tèmi bò ó: bí oṣù yìí bá ti parí, òun ń bọ̀ wá kí ọ. Kí o wá gbé òun níbi tí ọkọ̀ bá já òun sí. Ó ní ẹ̀yìn rẹ ni òun máa jókòó sí, láti orí òkè yẹn títí dé odò, òun ò sì ní di ojú.

Èmi bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ ṣì ń wú.